Akọni Tí A Kì Í Lu Ìlù Fún
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn olùtọrẹ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́)



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, Ọba tí kì í gbàgbé ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ òrukàn. Bàbá rẹ̀ kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 6. Bàbá bàbá rẹ̀ gbà á tọ́ fún bí ọdún 2, òun náà kú, kí ó tó wá bọ́ sọ́wọ́ Abu Talib, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ẹni tí kì í ṣe olówó, tí ó sì ní ọmọ tirẹ̀ nílé.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àlùfáà, Alhaji àti Alhaja, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìwà akọni láàrin àwọn èèyàn tí kò lórúkọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó yan àkòrí yìí.

Nígbà tí a bá pe èèyàn ní akọni, ogun ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, tàbí ọdẹ tó pa ẹkùn, tàbí ẹni tó bẹ́ sínú odò láti yọ ọmọ ọlọ́mọ. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà, a kò sì gbọdọ̀ kéré wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Ẹni tó bẹ́ sódò, bí ó bá ti jáde, ó parí, aṣọ tútù ló kù kó pààrọ̀. Akọni tí mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ kì í parí ní alẹ́. Ohun tó ṣe lánàá ni yóò tún ṣe lọ́la. Kò sí ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún un. Bí kò bá sì ṣe é ní ọjọ́ kan péré, ebi yóò pa ọmọ kan, tàbí kí ọmọ náà sùn sínú ìtọ̀ di àárọ̀.

Nínú hádíìsì kan tí Abu Hurayra gbà wá, tí Bukhari àti Muslim jọ kó sínú ìwé wọn, Ànábì fi ẹni tó ń ṣe wàhálà lórí opó àti aláìní wé ẹni tó wà lójú ogun nítorí Ọlọ́hun. Àfiwé yẹn la máa ń gbọ́ jù nínú wáàsí. Ṣùgbọ́n ó tún fi onítọ̀hún wé ẹni tó ń fi òru kírun tí kì í rẹ̀ ẹ́, àti ẹni tó ń gba ààwẹ̀ tí kì í já a. Àfiwé kejì yìí ni kí ẹ bá mi fi ojú sí. Kì í ṣe ìrun òru kan. Kì í ṣe ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Ohun tí kò dúró ló fi wé. Màmá wa Aisha náà sì gbà wá pé iṣẹ́ tí Ọlọ́hun nífẹ̀ẹ́ sí jù lọ ni èyí tí èèyàn bá dúró tì, kódà kó kéré.

Ẹ wo Hájárà, ìyá Ànábì Ismail. Ọmọ ń ké nítorí òùngbẹ, ọkọ kò sí nítòsí, kò sí aládùúgbò. Ó sáré gun òkè Safa, kò rí ẹnì kankan. Ó sáré gun Marwa, kò rí ẹnì kankan. Ìgbà méje. Kò sí ọ̀kan nínú ìsáré méjèèje tó mú omi wá, nítorí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà ni omi ti sun jáde. Síbẹ̀ gbogbo Alhaji àti Alhaja tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí ló ti sá ìsáré náà. Ìsáré ìyá kan tó ń wá omi fún ọmọ rẹ̀ ni Ọlọ́hun sọ di ara iṣẹ́ hájì, fún ọba, fún olówó, fún ọ̀mọ̀wé. Mo sì máa ń rò ó pé bí a bá bi Hájárà lọ́jọ́ náà pé kí ló ń ṣe, kò ní sọ pé ìwà akọni ni òun ń hù. Yóò ní òun ń wá omi.

Obìnrin dúdú kan tún wà ní Madina nígbà ayé Ànábì, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbá mọ́sáláṣí lọ. Nígbà tó kú, àwọn sàábé sin ín láìsọ fún Ànábì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ànábì béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti kú. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún òun, ó ní kí wọ́n fi sàréè rẹ̀ han òun, ó sì lọ kírun fún un níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ alágbálẹ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ayé àtijọ́ nìkan ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnì kan tó jẹ́ ará ayé tiwa yìí.

Mohamed Bzeek ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè Líbíyà ni, Mùsùlùmí ni. Ọdún 1978 ló dé Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì wá di ará agbègbè Los Angeles ní ìpínlẹ̀ California. Ó fẹ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Dawn, ẹni tó ti ń gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ kí àwọn méjèèjì tó pàdé. Níbẹ̀, bí òbí kò bá lè tọ́ ọmọ, ìjọba ni yóò gba ọmọ náà, tí yóò sì wá alágbàtọ́ fún un. Láti nǹkan bí ọdún 1989 ni Bzeek ti dara pọ̀ mọ́ ìyàwó rẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí.

Ní oṣù Keje ọdún 1991, ọmọbìnrin kékeré kan kú sọ́wọ́ wọn. Òṣìṣẹ́ oko ni ìyá tó bí i. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sóko ni ìyá náà fà símú nígbà oyún, ọmọ náà sì gbé àìsàn eegun ẹ̀yìn wáyé. Bzeek sọ fún àwọn oníròyìn pé ikú ọmọ náà dun òun gan-an. Ẹlòmíràn ìbá sọ pé ó tó, kí wọ́n máa fún òun ní ọmọ tí ara rẹ̀ le. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, ohun tí tọkọtaya yìí ṣe ni pé wọ́n pinnu láti máa gba àwọn ọmọ tí dókítà ti sọ pé wọn kò ní pẹ́ láyé. Ìdí ni pé kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ wọn.

Ọmọkùnrin kan wà lára wọn tí ìfun rẹ̀ kúrú, tí kò lè jẹ oúnjẹ gidi. Ìgbà 167 ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kí ó tó kú ní ọmọ ọdún 8. Kò lè jẹun, ṣùgbọ́n nígbà tí ilé bá ń jẹun, wọ́n á gbé e jókòó sídìí tábìlì, wọ́n á gbé àwo òfìfo àti ṣíbí síwájú rẹ̀, kí òun náà lè wà láàrin ẹbí. Mo fẹ́ kí ẹ ronú sí àwo òfìfo yẹn. Kò wò ó sàn. Kò gùn ún lẹ́mìí. Ẹni tó máa ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń gba ọmọ tọ́ kí wọ́n lè rí òun.

Ọlọ́hun fún wọn ní ọmọkùnrin tiwọn ní ọdún 1997. Òun náà gbé àìsàn wá: eegun rẹ̀ kò le, ó lè ṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ ìdí rẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ, ó sì dàgbà dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tó yá, Dawn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, ó sì padà kú. Bzeek kò dá iṣẹ́ náà dúró.

Ní oṣù Kejì ọdún 2017, ìwé ìròyìn Los Angeles Times gbé ìtàn rẹ̀ jáde. Ní àkókò yẹn, ọmọ 10 ló ti kú sí i lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ọdún 6 kan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà kò ríran, kò gbọ́ràn, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, gìrì sì máa ń gbé e. Láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ oṣù kan ló ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Orí àga ló máa ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ràn ló ń bá sọ̀rọ̀, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dì í mú, yóò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ní ìparí ọdún 2016, dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ìfun Bzeek alára, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ó ní òun nìkan lòun lọ, ẹ̀rù sì ba òun, ìgbà yẹn ni òun wá mọ bó ṣe ń rí lára àwọn ọmọ náà.

Nílẹ̀ Yorùbá, a máa ń sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń tọ́ ọmọ, kódà ọmọ ọlọ́mọ, pẹ̀lú ìrètí pé lọ́jọ́ kan yóò padà wá mọ̀ wá lójú. N kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń tọ́ ọmọ tó mọ̀ dájú pé òun ni yóò sin. Kò sí ìrètí ilé tí ọmọ yóò kọ́ fún un, kò sí hájì tí ọmọ yóò san owó rẹ̀. Ọlọ́hun nìkan ló kù tó lè san án.

Ẹ tún jẹ́ kí a sọ̀ kalẹ̀ sílé. Ní Maiduguri, ní ìpínlẹ̀ Borno, lọ́yà kan wà tó ń jẹ́ Zannah Mustapha. Ní ọdún 2007 ó dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn àti ọmọ aláìní, Future Prowess Islamic Foundation. Ọmọ 36 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, oúnjẹ wà, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wà, ìtọ́jú wà. Ọdún 2 lẹ́yìn náà, ní ọdún 2009, ìjà Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú yẹn gan-an. Gbogbo wa la mọ ohun tó tẹ̀ lé e: wọ́n ń dáná sun ilé ìwé, wọ́n ń pa olùkọ́. Mustapha kò ti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti yà mí lẹ́nu jù nìyí. Ogun náà ń dá ọmọ òrukàn sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ọmọ ṣójà tí Boko Haram pa wà níbẹ̀, ọmọ Boko Haram tí ṣójà pa náà wà níbẹ̀. Ó gba méjèèjì. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó sí. Ó gba ọmọ Mùsùlùmí, ó gba ọmọ Kristẹni. Èmi ò mọ bí ìyá kan tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ ṣe ń rí ọmọ ẹni tó ṣeé ṣe kó pa á ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé láràárọ̀, tí yóò sì tún mú ọmọ tirẹ̀ wá lọ́la. Àwọn ìyá yẹn náà wà lára àwọn tí mò ń sọ. Mustapha kó àwọn opó náà jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kí ọwọ́ wọn lè ba nǹkan.

Ìgbẹ́kẹ̀lé tó ti ní lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ìhà méjèèjì ló jẹ́ kó lè bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin Chibok. Nínú àwọn 276 tí wọ́n jí gbé ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, 21 jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, 82 tún jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ìdúnàádúrà náà. Ní ọdún 2017 yẹn kan náà ni àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń mójú tó àwọn tí ogun lé kúrò nílé fún un ní àmì ẹ̀yẹ Nansen. Ayé gbọ́ ti Chibok, ayé sì pàtẹ́wọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọdún 10 ló ti fi ń ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ lárààárọ̀ kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ fún un, ilẹ̀kùn yẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n lè gbà á gbọ́.

Ó yẹ kí n wá sí àdúgbò wa báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá àwọn ìgbìmọ̀ lọ bẹ ilé wò, ẹ mọ àwọn tí mò ń sọ. Ìyá àgbà kan ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kú síbi ìbímọ, tàbí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú sí ojú ọ̀nà, ọmọ 3 sì bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà tó yẹ kí ẹlòmíràn máa bu omi wẹ òun fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ló ti jí rẹ ẹ̀wà. Á wẹ àwọn ọmọ, á wá ìbọ̀sẹ̀ tó sọnù, á dín àkàrà tà lẹ́bàá ọ̀nà, nínú èrè rẹ̀ ni yóò ti dá àjọ, nínú àjọ náà ni yóò ti san owó ìdánwò. Ní alẹ́ á fi òróró pa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé “Ìyá, ṣé ẹ ń gbádùn?”, yóò ní “Alhamdulillah.” Kò ní sọ ti ẹsẹ̀.

Akọni mìíràn tún wà tí a kì í fiyè sí rárá: àbúrò bàbá tó di ìwé ilẹ̀ olóògbé mú, tí kò tà á. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. Àdúà ọjọ́ kẹjọ kò tíì tutù tí ẹbí ti ń béèrè pé mọ́tò dà, ta ló kan ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò máa gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé. Súúrà kẹrin nínú Kùránì Alápọ̀nlé kò fi ọ̀rọ̀ bo ẹnu lórí èyí: iná ni ẹni tó ń jẹ dúkìá ọmọ òrukàn ní ọ̀nà àbòsí ń jẹ sínú ikùn rẹ̀. Súúrà náà sì pàṣẹ pé kí a dán ọmọ wò títí yóò fi gbọ́n, kí a wá kó ohun ìní rẹ̀ lé e lọ́wọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí. Láàrin ọjọ́ ikú bàbá àti ọjọ́ tí ọmọ yóò dàgbà, ó lè tó ọdún 15. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ tirẹ̀ náà yóò nílò owó ilé ìwé, òjò yóò jo òrùlé tirẹ̀, ìwé ilẹ̀ náà á sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ bó bá tà á. Kò tà á. Bí ẹ bá mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ẹ bá mi kí i.

Ìdí tí mo fi ń mẹ́nu ba èyí nínú ẹgbẹ́ tó ń pín sàká ni pé a máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Súúrà kẹsàn-án ka ọ̀nà 8 tí a lè ná sàká sí. Kò dá orúkọ ọmọ òrukàn sọ nínú wọn. Ọ̀nà òtòṣì àti aláìní ni ọmọ òrukàn ń gbà wọlé. Nítorí náà ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi ilé 2 sílẹ̀ fún, ọmọ òrukàn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó nílò lọ́dọ̀ wa kì í ṣe àpò ìrẹsì. Lọ́yà ni ó nílò, àti ẹlẹ́rìí, àti àlùfáà tí kò ní bẹ̀rù ẹbí. Ọmọ ìyá àgbà alákàrà yẹn ló ni sàká. Ti sàráà yàtọ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò, ẹ lè fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó rántí ìtàn Kálífà Umar àti ìyẹ̀fun. Òru ni, lẹ́yìn ìlú Madina. Umar rí obìnrin kan tó gbé ìkòkò kaná, àwọn ọmọ ń sunkún yí i ká. Omi lásán ló wà nínú ìkòkò náà, kí àwọn ọmọ lè rò pé oúnjẹ ń bọ̀, kí oorun lè gbé wọn lọ. Umar padà sí ilé ìṣúra, ó gbé ìyẹ̀fun àti ọ̀rá. Aslam, ìránṣẹ́ rẹ̀, fẹ́ bá a rù ú. Umar kọ̀, ó fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ pọ̀n ọ́n, ó sì fúnra rẹ̀ se é. Umar la máa ń yìn nínú ìtàn náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló wà nídìí ìkòkò yẹn ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú? Ta ni yóò wà níbẹ̀ nígbà tí ìyẹ̀fun bá tán?

Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin olùtọrẹ, àyè Umar la wà. Ẹlòmíràn ló wà nídìí ìkòkò. Mo sọ èyí nítorí pé bí ọjọ́ ìpínfúnni bá dé, àwa la máa ń jókòó sórí àga ńlá, ìyá àgbà á tò sí ìlà nínú oòrùn. Olóore la pe ara wa, olùgbà la pe òun. Ẹni tó jí kí wọ́n tó pe ìrun, tí yóò tún jí lọ́la, òun la ní kí ó wá kúnlẹ̀ kí a tó gbé àpò ìrẹsì lé e lọ́wọ́, kí afọ́tò lè yà á. Ẹ jọ̀wọ́, kí a fi àwòrán yẹn sílẹ̀. Ọmọ ọdún 9 tí ẹ̀ ń wò nínú àwòrán pẹ̀lú góńgò tòmátì lọ́wọ́ yóò di ọmọ ọdún 19, àwòrán náà á ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ́hun kìlọ̀ fún wa kí a má fi ìrègún àti ìpalára ba sàráà wa jẹ́. Ẹ mú ìrẹsì lọ sílé fún ìyá náà, ẹ kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ bí ẹ ti máa kí ìyá yín.

Ọ̀rọ̀ kejì, ó le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń yọ sàká ní oṣù Rọmọdọ́ọ̀nù. Láádá pọ̀ nínú oṣù náà, kò sí ẹni tó ń jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ní ọdún 2025, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ni ilé ìwé ń wọlé. Kí oṣù Kẹsàn-án tó dé, ìrẹsì Rọmọdọ́ọ̀nù ti di ìtàn, ìgbà náà gan-an ni wọ́n sì ń béèrè ìwé, bàtà àti owó ilé ìwé. Oṣù 12 ni ọmọ fi ń jẹun, oṣù 1 la fi ń rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà yóò mú èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ kúrò nílé ìwé, tí yóò ní kí ó lọ máa tajà. Kì í ṣe pé kò fẹ́ kí ó kàwé.

Sàká kò sọ pé ó di dandan kí a dúró de Rọmọdọ́ọ̀nù. Ohun tó sọ ni pé bí owó rẹ bá tó iye gíráàmù góòlù 85, tí ọdún òṣùpá kan sì yí po lé e lórí, kí o yọ ìdá kan nínú ogójì. Ọdún òṣùpá tìrẹ lè parí ní oṣù Mùhárámù, ó lè jẹ́ Rọ́jábù. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ béèrè iye góòlù lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé iye tó jẹ́ ní náírà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn kò wúlò mọ́. Ní ti sàráà, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ìṣesí ìyá alákàrà. Bí èèyàn 200 nínú wa bá ń dá 1,000 náírà péré lóṣooṣù, 200,000 náírà ni lóṣù kan, 2,400,000 náírà ni lọ́dún kan. Mo mọ̀ pé 1,000 náírà kò ra nǹkan gidi mọ́ láti ìgbà tí owó epo ti gòkè ní ọdún 2023. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ó ṣòro láti dá. Ẹni tó bá fún wa ní 12,000 lẹ́ẹ̀kan náà, a dúpẹ́, Ọlọ́hun á gbà á. Ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé lóṣooṣù ni a lè fi ṣe àdéhùn pẹ̀lú ìyá kan pé, “Ìyá, ẹ má mú u kúrò nílé ìwé, a ó san ti sáà tó ń bọ̀.” A kò lè fi owó tí a kò mọ̀ bóyá yóò wá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ohun kẹta, mo fẹ́ fi í sílẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ kò tíì lówó. Ìyá àgbà yẹn kò rí ojú ka ìwé ọmọ mọ́. Wákàtí 1 ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ jókòó ti ọmọ kan, kí ẹ bá a ka ìṣirò rẹ̀, kí ẹ bá a lọ sí ìpàdé àwọn òbí nílé ìwé nígbà tí wọ́n bá ní kí bàbá rẹ̀ wá. Ẹ kò ní di bàbá rẹ̀. Kùránì ti ní kí a máa fi orúkọ bàbá tó bí wọn pè wọ́n, kí a má fi orúkọ tiwa rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni kí ẹ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti lọ tí kò padà wálé máa ń ka ọ̀sẹ̀. Bí ẹ kò bá dá a lójú, ẹ dá owó, ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè dúró lọ.

Akọ̀wé wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti owó oṣooṣù, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ máa lọ bẹ ọmọ wò. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé kan tí ọmọ òrukàn wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé, ẹ kọ àdúgbò náà sí ẹ̀yìn ìwé, kí ìgbìmọ̀ lè mọ ibi tí wọn yóò kọ́kọ́ yà sí.

Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ ìjọ́sìn lọ́wọ́ wa.